Ta Ni Yóò Máa Pín Èrò Sórí Àwọn Sáfà Yín? Ìfiwéra Àwọn Ètò Pínpín Ẹrù fún Remote Desktop

Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti bójú tó kọ̀ǹpútà rí nílùú Òṣogbo, akápò kan ń tẹ owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí iná lọ. Ínfátà gbé àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wà lórí wọn, dúró ní ọ́fíìsì àgbà, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka tí akápò yìí wà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ráútà jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí ó tún wọlé, ojú kọ̀ǹpútà tí ó bá mọ́ lóló bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ kankan láti àárọ̀. Ó wá fáìlì rẹ̀ kàn, ó ní kí ó ṣí, ìkìlọ̀ sì jáde pé ẹnì kan ń lo fáìlì náà lọ́wọ́. Orúkọ tí ó wà nínú ìkìlọ̀ náà, orúkọ òun gan-an ni. Ó pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìpayà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún ń jẹ́ orúkọ mi nínú kọ̀ǹpútà yìí?"

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ṣì wà lórí sáfà kìíní, bí ó ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Sáfà kejì ni wọ́n gbé e lọ nígbà tí ó padà dé, nítorí pé ohun tó ń pín èrò, ìyẹn àwọn tó ń wọlé, sórí sáfà kò mọ̀ pé ó ti ní àyè kan tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú akápò yìí wo gbogbo ètò pínpín ẹrù. Bí a bá ní sáfà kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi Remote Desktop wọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ohun tí a fẹ́ pín. Ṣùgbọ́n ní kété tí sáfà bá di méjì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí ẹni tó ń wọlé yóò já sí. Ohun náà lè jẹ́ orúkọ lásán nínú DNS, ìwé tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní, ó lè jẹ́ ètò kan tó dúró níwájú àwọn sáfà, ó sì lè jẹ́ RD Connection Broker, tí Microsoft ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an. Gbogbo wọn ló ń pín èrò, àmọ́ ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa èrò tí wọ́n ń pín kò dọ́gba rárá. Ní Òṣogbo, níbi tí okùn (ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ sáfà) lè já lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbà pé ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ètò kọ̀ọ̀kan ni bóyá yóò dá ẹni tí okùn rẹ̀ já padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá ó ń pín ẹrù dọ́gba ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí ni ó tó kàn.

Nínú àlàyé yìí, session ni mo máa pe ojú iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí sílẹ̀ lórí sáfà, gẹ́gẹ́ bí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe ń pè é. Session tó já ni èyí tí ẹni tó ni ín kò sí nídìí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn ètò inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń jẹ RAM, ìyẹn ìrántí tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́.

DNS àti NLB

Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni kí a so orúkọ kan mọ́ àdírẹ́sì sáfà mẹ́ta nínú DNS, kí DNS máa júwe wọn ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù: ẹni àkọ́kọ́ lọ sí ti kìíní, ẹni kejì lọ sí ti ìkejì, títí yóò fi yí padà. Ètò tí ó gbé akápò wa lọ síbòmíràn nìyí, nítorí pé nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tún tàn, ó tún DNS béèrè, DNS sì fún un ní sáfà tí tọ́ọ̀nù kàn. DNS kò mọ ẹni tó ní session, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá sáfà tí ó ń júwe wà láàyè. Bí ọ̀kan bá kú, tí a sì yára yọ àdírẹ́sì rẹ̀ kúrò, kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣì máa rántí èyí tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Nínú DNS ti Windows, wákàtí kan ni wọ́n ń rántí rẹ̀ bí a kò bá dín in kù. Mo lè fi ara mọ́ ọn fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e ka iwájú ẹni tó ń ṣírò owó.

Network Load Balancing (NLB) tó wà nínú Windows Server mọ ẹni tó kú. Àwọn sáfà inú ẹgbẹ́ náà, tí wọn kò gbọdọ̀ ju 32 lọ, máa ń fi àmì ránṣẹ́ síra wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì pa àmì márùn-ún jẹ, àwọn yòókù á yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Àmọ́ sáfà tí RAM rẹ̀ ti kún dẹ́múdẹ́mú ṣì lè máa fi àmì ránṣẹ́, NLB kò sì ní mọ̀ pé èrò ń jìyà níbẹ̀. Ohun tó burú jù fún wa ni pé, bí a bá ní kí ó máa dá ẹnì kan náà padà sí sáfà kan náà, àdírẹ́sì ibi tí ẹni náà ti wá ni ó ń wò. Ẹ̀ka ọ́fíìsì kan ní Ògo-Olúwa tí ènìyàn 15 ń gba inú ráútà kan ṣoṣo jáde, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ lójú rẹ̀, orí sáfà kan náà ni gbogbo wọn yóò sì rọ́ lọ. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ètò Remote Desktop tuntun lórí NLB lónìí.

HAProxy níwájú àwọn sáfà

HAProxy, ètò kan tó ń dúró níwájú àwọn sáfà láti pín èrò, jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà Linux kékeré kan sì lè gbé e. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn 3389, tí Remote Desktop ń gbà wọlé, lórí sáfà kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ń dáhùn, bí a bá sì yan leastconn, ó máa ń gbé ẹni tuntun lọ síbi tí okùn tó wà láàyè kò ti pọ̀. Èyí ta DNS àti NLB yọ. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé okùn ni ó ń kà, kì í ṣe session. Ẹ jẹ́ ká ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní ẹ̀ka kan, tí session 20 já lórí sáfà kìíní, tí okùn márùn-ún péré sì kù níbẹ̀: lójú HAProxy, sáfà yẹn ni ó fúyẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ogún session tó já náà ṣì jókòó sórí RAM rẹ̀.

Ó ní ọgbọ́n kan tí ó lè fi dá èrò padà. Nígbà tí ètò Remote Desktop bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, ó sábà máa ń mú orúkọ ẹni tó ń bọ̀ dání nínú ohun kan tí wọ́n ń pè ní mstshash, HAProxy sì lè lo orúkọ náà láti yan sáfà kan náà fún ẹni náà nígbà gbogbo. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí, nítorí pé lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ni orúkọ náà ń gùn mọ, wọ́n á gé ìyókù sọnù. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ń wọlé pẹ̀lú orúkọ bí OSOGBOHQ\akapo1, ẹ ka lẹ́tà náà: OSOGBOHQ\ ti jẹ́ mẹ́sàn-án géérégé. Akápò, akọ̀wé àti ọ̀gá àgbà di ẹnì kan náà, gbogbo wọn sì bọ́ sórí sáfà kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò máa bú sáfà náà pé ó lọ́ra. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ọ̀nà méjì tí Remote Desktop ń gbà fi dátà ránṣẹ́, TCP ni HAProxy ń gbé, kò ní gbé UDP tí Remote Desktop ti ń lò láti ìgbà RDP 8.0 (RDP ni èdè tí Remote Desktop ń sọ) láti fara da íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe ségesège, àǹfààní tí ó sì ṣe iyebíye fún irú íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò nìyẹn.

RD Connection Broker, tí mo ń pè ní Alárenà

Láti Windows Server 2003 ni Microsoft ti ní ètò tó ń rántí ibi tí session ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Ní 2008 ni wọ́n fi pínpín ẹrù kún un. Ní 2008 R2 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Alárenà ni mo ń pè é, nítorí pé ó mọ ìdílé méjèèjì. Bí ẹnì kan bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí Alárenà ń ṣe ni kí ó wo ìwé rẹ̀ bóyá ẹni náà ti ní session tó já níbì kan. Bí ó bá ní, ibẹ̀ ni yóò dá a padà sí, kódà kí sáfà náà jẹ́ èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Bí kò bá ní ni yóò tó wá ṣírò ibi tó fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀léra yìí ni mo ṣe yàn án ṣáájú gbogbo ìyókù.

Síbẹ̀, ó lè ṣì wọn nù bí ètò méjì kan kò bá tọ̀nà. Nígbà tí ráútà bá kú lójijì, sáfà lè má tètè mọ̀ pé okùn ti já, yóò sì máa ka session náà sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá Configure keep-alive connection interval nínú Group Policy, ibi tí a ti ń to òfin àwọn kọ̀ǹpútà Windows, kí ẹ sì fi í sí ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún rí i dájú pé èyí tó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní session kan ṣoṣo wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì RDP tí ẹ pín fún àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ wo bóyá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú loadbalanceinfo wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ collection (agbo àwọn sáfà) yín, nítorí pé ìlà yẹn ni Alárenà fi ń mọ agbo tí èrò náà ń lọ.

Nínú Server Manager, ojú ìwé Load Balancing ti collection ní ìlà méjì fún sáfà kọ̀ọ̀kan: Relative Weight àti Session Limit. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, 100 ni ẹ óò bá nínú ti àkọ́kọ́, 999999 sì ni ẹ óò bá nínú ti ìkejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti yẹ ètò yìí wò, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá wọn.

Relative Weight ni agbára tí ẹ sọ fún Alárenà pé sáfà kan ní sí ìkejì rẹ̀. Alárenà kì í fúnra rẹ̀ wo RAM tàbí bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lórí sáfà. Session ni ó ń kà, ó sì ń fi ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Ní ọ́fíìsì tí mo mẹ́nu bà, sáfà méjì ní RAM 32 GB, ẹ̀kẹta ní 64 GB, ènìyàn 40 sì ń lò wọ́n. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ 100, ènìyàn mẹ́tàlá-mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni ó ń bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lórí sáfà kékeré sì ń ráhùn nígbà tí èyí ńlá ń sinmi. A sọ ti sáfà ńlá di 200, a fi 100 sílẹ̀ fún àwọn méjì yòókù: ogún lọ sórí ńlá, mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ sórí kékeré. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ní ìwọ̀n tó tóbi ju tiwa lọ fíìfíì, ní National Control Centre tó wà ní Òṣogbo wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń bójú tó iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà kí ó má baà yẹ̀ kúrò lórí hertz 50: ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gbé ohun tí agbára rẹ̀ ká, bí ọ̀kan bá sì yọ, àwọn tó kù ni yóò gbé ẹrù rẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni àwọn tó ń fi Session Limit sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rò.

Session Limit ni gbèdéke iye session tí sáfà kan lè gbà. Ẹ jẹ́ ká fi iye mẹ́ta wéra fún sáfà 32 GB kọ̀ọ̀kan. A ti wọn òṣìṣẹ́ wa, a sì rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 1.3 GB pẹ̀lú Excel, aṣàwákiri àti ètò ìṣirò owó. Bí a bá fi 999999 sílẹ̀, kò sí gbèdéke kankan. Bí sáfà kan bá kú, gbogbo èrò rẹ̀ á ya lu àwọn tó kù títí RAM yóò fi tán, gbogbo ènìyàn á sì jọ máa rá. Bí a bá ti ìbẹ̀rù fi 15 síbẹ̀, ara tu àwọn tó wà nínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sáfà ńlá bá kú, 30 péré ni méjì tó kù máa gbà, ènìyàn mẹ́wàá á sì dúró síta. Bí a bá fi 20 síbẹ̀, RAM tí wọn yóò jẹ jẹ́ 26 GB, mẹ́fà kù fún Windows fúnra rẹ̀, ogójì ènìyàn sì rí àyè kódà bí sáfà ńlá kò bá sí. Ogún ni mo fi síbẹ̀, ogójì ni mo fi sórí ńlá. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ gbèdéke wò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yọ sáfà tó tóbi jù kúrò nínú ìṣirò, ẹ ro gbèdéke àwọn tó kù pọ̀, kí ẹ wo bóyá ó tó iye ènìyàn yín.

Ohun kejì tó ń jẹ gbèdéke yín lábẹ́lẹ̀ ni session tó já tí ẹnikẹ́ni kò padà sídìí rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo tẹ query user, àṣẹ tó ń to orúkọ àwọn tó ní session, lórí sáfà kékeré kan, mo sì rí orúkọ mọ́kànlá tí a kọ Disc síwájú wọn, tí àkókò ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 2+16:40. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ méjì àti wákàtí mẹ́rìndínlógún ó lé ni ẹni náà kò ti fọwọ́ kàn án: Fúráídè ní aago mẹ́rin ni ó ti kọjá lọ sílé. Bí a kò bá yí i padà, Windows kì í fòpin sí session tó já láéláé. Àwọn kan máa ń bínú fi í sí ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí ó burú ju kí ó má sí lọ nílùú tí iná ti lè lọ fún wákàtí méjì, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹnì kan kò tíì fi pamọ́ yóò parẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó ru. Wákàtí mẹ́ta ni mo ń lò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún sáfà kan ṣe, ẹ má ṣe da change logon /disable pọ̀ mọ́ change logon /drain. Ti àkọ́kọ́ ń dènà wíwọlé, ẹni tí okùn rẹ̀ já sì lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Ti ìkejì ń dènà ẹni tuntun ṣùgbọ́n ó ń gba ẹni tó ti ní session láyè láti padà. Bí sáfà tí ẹ tún ṣe bá padà dé lófìfo, gbogbo ẹni tuntun ni ìṣirò yóò máa darí sí i. Nínú ti Windows Server 2008, Microsoft fi 16 ṣe òpin iye ẹni tó lè máa dúró de wíwọlé lórí sáfà kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí èyí. Mo ṣì ń gbà yín níyànjú láti dá irú sáfà bẹ́ẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe aago mẹ́jọ àárọ̀.

Alárenà ní ìnira tirẹ̀. Ó nílò Active Directory, ètò Windows tó ń tọ́jú orúkọ àti àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́, bí ó bá sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ ní, ọjọ́ tí ó bá kú, àwọn tó ti wà nínú yóò máa báṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tuntun kò ní rí ọ̀nà wọlé. Láti fi méjì ṣe é, ẹ óò nílò SQL Server láti máa tọ́jú ìwé rẹ̀. Ní ti ìwé àṣẹ, èyí tí ẹ óò rà fún òṣìṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò dín kù nítorí pé ẹ lo HAProxy dípò rẹ̀. Ọjọ́ 120 tí Microsoft fún yín láti fi bẹ̀rẹ̀ kan náà ni.

Azure Virtual Desktop

Azure ni ibi tí Microsoft ti ń yáni ní sáfà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbí, Microsoft fúnra rẹ̀ ni ó ń bójú tó Alárenà, ọ̀nà méjì ni ẹ sì lè yàn. Breadth-first ń tú èrò ká sórí gbogbo sáfà tó wà. Depth-first ni ohun tí à ń ṣe ní Old Garage: ọkọ̀ kan á kún dé gbèdéke kí ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò. Depth-first ń dín owó kù, nítorí pé ẹ lè pa sáfà tí èrò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ kò sì ní sanwó ìṣiṣẹ́ rẹ̀. Breadth-first ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó bá yan depth-first tí ó fi gbèdéke gígọntíọ síbẹ̀ ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan nìyẹn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, South Africa ni Azure ní ibùdó láti 2019, nítorí náà gbogbo títẹ̀ bọ́tìnnì láti Òṣogbo ní láti rìn dé ọ̀hún kí ó sì padà, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì ti lọ, kò sí sáfà nínú ilé tí ẹnikẹ́ni lè lò.

Èyí tí mo máa yàn

Fún ọ́fíìsì tó ní òṣìṣẹ́ 20 sí 60, tí sáfà rẹ̀ wà nílé, tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ń já a kulẹ̀, Alárenà ni, pẹ̀lú ìwọ̀n àti gbèdéke tí a ṣírò. Bí owó SQL Server kò bá tíì sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Alárenà kan, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ lóòrèkóòrè. HAProxy ni mo máa yàn fún ẹni tí kò ní Active Directory, bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ń lo orúkọ kúkúrú tí kò ní irú OSOGBOHQ níwájú. Azure tọ́ sí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ká Èkó, Ìbàdàn àti Òṣogbo, tí kò sì ní yàrá tí iná kì í kú.

Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti to gbogbo rẹ̀ tán ni kí ẹ dán an wò, ní Sátidé tí iṣẹ́ kò sí. Ẹ pa sáfà ńlá, kí ẹ ka àwọn tó rí àyè lórí ìyókù. Ẹ já okùn ẹnì kan, kí ẹ wo bóyá nọ́ńbà ID tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ nínú query user, lórí sáfà kan náà, ṣì ni èyí tí ó ní tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó padà dé. Akápò wa ni mo kọ́kọ́ bẹ̀ kí ó bá mi dán an wò. A yọ wáyà ráútà rẹ̀ ní àárín nọ́ńbà kan tí ó ń tẹ̀ lọ́wọ́, a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a dá a padà, ó sì tún wọlé. Kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú nínú àpótí kan náà, lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́rin tí ó ti tẹ̀.